Ìmọ́lẹ̀ Lowó: Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Eré Kẹ̀kẹ́ Inú Gbọ̀ngàn

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó dúró sáàárín ráńdábáòtù nígboro Port Harcourt, tó gbé kámẹ́rà sójú, tó ń yí po bí ẹni tí òòyì ń kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe ọlọ́pàá. Ó lè jẹ́ èmi, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Kẹ̀kẹ́ Maruwa là ń yà. Kì í ṣe pé Maruwa wù wá tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ló wà nítòsí. Òun la fi ń kọ́ bí a ó ṣe ya kẹ̀kẹ́ mìíràn tí kò ní bíréèkì, tó ń fò lórí pákó nínú gbọ̀ngàn bí ọta ìbọn.

Amadi-Ama ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìlú àwọn ará Okrika ni, létí omi, Port Harcourt sì ti yí i ká; “ama” lédè wọn, ìlú ló túmọ̀ sí. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ: ohun tó ń bọ́ wa níbí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ya eré kẹ̀kẹ́ orí pápá yóò dì í ó di Àbújá, níbi tí velodrome, ìyẹn gbọ̀ngàn eré kẹ̀kẹ́ orí pápá, wà nínú ọgbà pápá ìṣeré Moshood Abiola. Wọ́n kọ́ ọ fún ìdíje All-Africa Games ọdún 2003, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣe ìdíje eré kẹ̀kẹ́ orí pápá ti ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Keje ọdún 2022.

Ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà yẹn ni Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà ní Olympics Paris. Eré kẹ̀kẹ́ ojú títì ló bá débẹ̀. Àyè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ fún un láti kópa nínú keirin àti sprint, tí wọ́n jẹ́ eré orí pápá, kò sì ní kẹ̀kẹ́ orí pápá lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Fọ́tò eré náà dé orí fóònù gbogbo wa. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kan wo ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò orí pápá yẹn títí, ó ní, “Ọ̀gá, báwo ni wọ́n ṣe yà á tí ojú oníkẹ̀kẹ́ mọ́ kedere báyìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fà bí ewédú?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, n kò sì tíì parí títí di òní.

Ká kọ́kọ́ wo ibi tí eré ti ń wáyé. Velodrome tí wọ́n ń lò fún Olympics jẹ́ 250 mítà yípo: ọ̀nà tààrà méjì, kọ́nà méjì. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò pọ̀ ṣe ojú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́ bíi ti àfàrà tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ní kọ́nà, pákó yìí á gbéra sókè títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ògiri; ó máa ń tó ìwọ̀n dígíríì 42. Eré nìkan ló ń gbé oníkẹ̀kẹ́ dúró níbẹ̀. Bó bá rọra jù, yóò yọ̀ wálẹ̀. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní bíréèkì, kò sì ní jíà tí wọ́n ń pààrọ̀: bí táyà ẹ̀yìn bá ṣì ń yí, pẹ́dàlì gbọ́dọ̀ máa yí, ẹsẹ̀ kò sì lè sinmi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n sì máa ń yà sí nígbà gbogbo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sídìí rẹ̀.

Àwọn ìlà kan wà lójú pákó náà. Ìlà dúdú tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn 250 mítà yẹn. Pupa wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Nínú sprint, bí eré bá ti gbóná, ẹni tó bá wà láàárín dúdú àti pupa ló ni ọ̀nà ibẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Búlúù wà lókè àwọn méjèèjì. Onífọ́tò tó bá mọ òfin ìlà pupa yìí ti mọ ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa du, á sì ti fojú lẹ́ńsì síbẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Eré wọn ńkọ́? Ní Paris yẹn kan náà, Harrie Lavreysen, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, fi ìṣẹ́jú àáyá 9.088 sá 200 mítà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 79 ní wákàtí kan. Mọ́tò wo ló ń rí àyè sá bẹ́ẹ̀ ní Trans-Amadi ní Port Harcourt níbí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́?

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nínú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń pa dé. Shutter ni wọ́n ń pè é. Bó bá ṣí fún ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí à ń kọ ní 1/1000, Lavreysen á ti rìn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Bó bá jẹ́ 1/500, ó ju mẹ́rin lọ. Bó bá jẹ́ 1/60, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ya ìyàwó tó dúró jẹ́jẹ́ níwájú pẹpẹ, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin sẹ̀ǹtímítà 37: ojú, imú, akoto, gbogbo rẹ̀ á ti pò pọ̀ bí àṣáró.

Ohun kan máa ń ya àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu. Orí táyà ń sáré ní ìlọ́po méjì kẹ̀kẹ́ tó gbé e; ìsàlẹ̀ táyà, ní àkókò tó fi kan pákó, kò rìn rárá. Nítorí náà 1/1000 lè mú ojú oníkẹ̀kẹ́ dúró ṣinṣin kí orí táyà ṣì fà díẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fọ́tò tí gbogbo rẹ̀ bá dì bí yìnyín máa ń dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn so kẹ̀kẹ́ rọ̀ mọ́ ògiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé: ìmọ́lẹ̀ ni owó iṣẹ́ yìí. Níta gbangba, lọ́sàn-án, olówó ni gbogbo wa. Nínú gbọ̀ngàn, owó oṣù là ń ná, ó sì níye. Bí a bá gbé shutter kúrò ní 1/500 lọ sí 1/1000, ìdajì owó ti lọ nìyẹn. Ẹyinjú lẹ́ńsì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, lòun náà ń pinnu iye tó ń wọ àpò: f/2.8 ń gba ìlọ́po méjì ohun tí f/4 ń gbà, f/4 sì ń gba ìlọ́po méjì f/5.6. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí, tí ẹyinjú rẹ̀ ń fún di f/5.6 bí a bá fà á gùn, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí f/2.8 ń kó wọlé ló ń kó. Ìdí nìyí tí lẹ́ńsì 70-200 tó jẹ́ f/2.8 fi wọ́n bí ojú, tó sì wúwo bí ọmọ ọwọ́ tó yó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o, kó wá lẹ́ńsì 85 tó jẹ́ f/1.8. Kò lè fà gùn, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà ju ìlọ́po méjì ti f/2.8 lọ, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ó kàn ní láti súnmọ́ eré díẹ̀ sí i.

ISO wá ńkọ́? ISO kì í ṣe owó. Ẹ̀yáwó ni. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá ká a, a óò gbé ISO sókè, kámẹ́rà á yá wa ní ìmọ́lẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, á sì gba èlé: èérún wẹ́wẹ́ tó máa ń hàn lára fọ́tò bíi gààrí. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ tó ti tẹlifíṣọ̀n, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti 1/1000, f/2.8 àti ISO 3200. Bí iná kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e dé 6400. Mo mọ àwọn onífọ́tò tó ń sá fún 6400 bí ẹni ń sá fún olówó èlé, tí wọ́n wá sọ shutter kalẹ̀ sí 1/250 kí fọ́tò lè mọ́ tónítóní. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó fà. Fọ́tò tó ní gààrí, a ṣì máa mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá fà láìjẹ́ pé a fẹ́ kó fà, kò sí oògùn rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ má sì jẹ́ kí kámẹ́rà bá yín ṣètò owó náà. Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn. Ohun gbogbo tó bá rí, ó fẹ́ sọ ọ́ di àwọ̀ eérú, kí ó má funfun, kí ó má dúdú. Pákó mọ́, pátákó ìpolówó tó yí pápá ká mọ́. Kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú àwọn ọmọ wa á wá ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, abẹ́ akoto wọn á sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ lójú oníkẹ̀kẹ́ kan nígbà tó bá ń mú ara gbóná, màá fọwọ́ ara mi ṣètò gbogbo rẹ̀, màá sì fi í síbẹ̀. Àǹfààní gbọ̀ngàn nìyẹn: kò sí kùrukùru tó máa kọjá lójú oòrùn. Tí pákó bá funfun jù nínú fọ́tò náà, kó funfun. Pákó kọ́ ló wá díje.

Iná tó ń ṣẹ́jú ló tún kù. Iná mànàmáná wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gílóòbù gbọ̀ngàn, pàápàá àwọn ti àtijọ́ àti LED pọ́ọ́kú, á máa tàn á máa rẹlẹ̀ ní ìgbà 100 nítorí rẹ̀. Ojú wa kì í rí i, àmọ́ kámẹ́rà tó ṣílẹ̀kùn fún 1/1000 rí i kedere: fọ́tò kìíní á mọ́lẹ̀, ìkejì á ṣókùnkùn, ẹ̀kẹta á pọ́n bí epo pupa, oníkẹ̀kẹ́ kan náà, ibì kan náà. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní anti-flicker. Canon fi í sínú 7D Mark II lọ́dún 2014. Ó máa ń ka bí iná ṣe ń ṣẹ́jú, á dúró de ìgbà tó tàn jù, á wá ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dúró sójú kan, iná rẹ̀ náà kò ní dúró lórí 50. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ tí gbogbo òrùlé ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú kan, tí iná tún padà, ẹ má kàn máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ ya fọ́tò mẹ́wàá sí pákó òfìfo, kí ẹ wò ó bóyá àwọ̀ wọn bára mu. Kí ẹ sì máa fi RAW yà á, kí àyè lè wà láti tún àwọ̀ ṣe tí ẹ bá délé.

Kámẹ́rà tuntun tún ní shutter tí kì í dún. Ó wuyì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú velodrome, ẹ pa á tì, nítorí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ kì í gba àwòrán wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ló ń kà á ní ìlà ìlà, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń kàwé. Kó tó dé ìsàlẹ̀, táyà ti kúrò níbi tó wà, á wá wọ́ bí ẹyin. Iná tó ń ṣẹ́jú á sì fa àmì bíi ti àdìrẹ kọjá lára fọ́tò.

Fláàṣì? Rárá. Ẹni tó ń sáré kìlómítà 70 lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, tí táyà ẹni iwájú rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kì í ṣe ẹni tí a ń tan iná sí lójú.

Ó wá kan ewédú. Láti mú ojú oníkẹ̀kẹ́ mọ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fà, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ẹ jẹ́ kí shutter rọra, 1/125 tàbí 1/60, kí ẹ sì máa fi kámẹ́rà tẹ̀lé e ní ìwọ̀n eré tó ń sá. Nítorí pé ẹ jọ ń lọ ni, òun á dúró jẹ́jẹ́ nínú fọ́tò. Pátákó, òǹwòran àti gbogbo ohun tó dúró lójú ayé á wá di èyí tó ń sá. Ẹ wo ohun tó tún ṣẹlẹ̀ sí àpò wa: ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ní 1/60 ju ìlọ́po 16 ti 1/1000 lọ. Ẹni tó jẹ gbèsè ISO 3200 lè padà sí 200. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò dára, ọgbọ́n tálákà nìyí, ó sì máa ń mú fọ́tò tó dára ju ti olówó jáde.

Ibi tó rọrùn jù láti ṣe é ni àárín kọ́nà, nínú pápá. Kọ́nà velodrome jẹ́ apá kan òbìrí. Bí ẹ bá dúró síbi àárín òbìrí náà, oníkẹ̀kẹ́ á jìnnà sí yín bákan náà láti ìgbà tó wọ kọ́nà títí tó fi jáde. Lẹ́ńsì kò ní máa wá ibi tó máa fojú sí kiri. Ìbàdí yín nìkan ló níṣẹ́.

Ẹ ti mọ̀ báyìí ohun tí mò ń wá lójú ráńdábáòtù. Láti ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba ọ̀tún wakọ̀, ọwọ́ òsì sì ni gbogbo mọ́tò ń yà sí bí wọ́n bá ń yí ráńdábáòtù po, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ inú gbọ̀ngàn. Velodrome ọ̀fẹ́ ni ìjọba kọ́ fún wa láìmọ̀. Maruwa tó bá ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń sá nǹkan bí ìdajì eré Lavreysen, nítorí náà 1/30 ló máa fún yín ní iṣẹ́ tí 1/60 máa fún yín lórí pápá, bí ẹ bá jìnnà sí i bákan náà. Ẹ kọjú ẹsẹ̀ síbi tí ẹ fẹ́ kó parí, kí ẹ wá yí ìbàdí padà lọ pàdé ẹni tó ń bọ̀. Ẹ lẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà. Ẹ ti máa tẹ̀lé e kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹ ń tẹ píà wò bóyá ó ti rọ̀. Kí ẹ sì máa tẹ̀lé e lọ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe tí gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n máa ń dúró lójijì bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nínú 200 tí ẹ bá yà, bí mẹ́rin bá mú, ẹ ṣe é re.

Àwọn awakọ̀ máa ń ké sí wa. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ ìjọba là ń ṣe, wọ́n á sì yára de bẹ́líìtì.

Ibi tí ẹ bá dúró sí ló ń pinnu ohun tí ẹ máa rí. Láti inú pápá, apá òsì kẹ̀kẹ́ ló kọjú sí yín, ṣéènì kò sí níbẹ̀. Apá ọ̀tún ni ṣéènì àti pẹ́dàlì ńlá wà, níbi tí àwọn òǹwòran jókòó sí. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀ níṣẹ́, ìta ni kó lọ, kó gun òkè kọ́nà, kó máa wo ìsàlẹ̀: pákó nìkan ló máa wà lẹ́yìn oníkẹ̀kẹ́, láìsí pátákó kankan. Ní kọ́nà yìí, àwọn kan máa ń gbé kámẹ́rà dẹ̀gbẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ lè dúró gangan nínú fọ́tò. Kò dáa lójú tèmi. Àwọn òǹwòran á wá dà bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi wọn ń rì. Ẹ jẹ́ kí ayé dúró bó ṣe wà, kí oníkẹ̀kẹ́ máa dẹ̀gbẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju lẹ́ńsì lọ ni mímọ eré fúnra rẹ̀, nítorí ibi tí oníkẹ̀kẹ́ máa dé là ń yà, kì í ṣe ibi tó wà. Àwọn ìgbà kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń di pọ́ọ́kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan iná kún un. Nínú eré tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan, irin kan á di táyà ẹ̀yìn mú, wọ́n á ka nọ́ńbà sẹ́yìn, irin á jọ̀wọ́ rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ á dìde dúró, á fi gbogbo ara ti pẹ́dàlì. Ní mítà díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kò yára ju ẹni tó ń rìn lọ, àmọ́ ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀, iṣan apá rẹ̀ ti fa gbogbo agbára tó ní jáde. 1/250 tó o. Sprint náà ní tirẹ̀. Ẹni méjì ló ń díje, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ṣíwájú, nítorí ẹni ẹ̀yìn ló ń fi ara pamọ́ fún afẹ́fẹ́. Wọ́n á máa rọra lọ, wọ́n á máa wo ara wọn lábẹ́ apá. Nígbà mìíràn wọ́n á dúró pátápátá lórí kẹ̀kẹ́, láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo eré kẹ̀kẹ́ nìyẹn, eléré méjì tó yára jù láyé tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe ère.

Keirin jẹ́ ti Japan, láti ọdún 1948. Alùpùpù kékeré kan á ṣíwájú wọn, á bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà 30 ní wákàtí kan, á máa gòkè dé 50, á sì yà kúrò lọ́nà nígbà tó bá ku ìyípo mẹ́ta. Kí ó tó yà ni kí ẹ ti fi ojú lẹ́ńsì sí ìlà pupa, nítorí gbogbo wọn ló máa dà síbẹ̀. Nínú elimination, ìyípo méjì méjì ni wọ́n ń yọ ẹni tó bá kẹ́yìn. Ẹ ya ẹ̀yìn. Gbogbo onífọ́tò ló máa ń dojú kọ ẹni tó ṣíwájú, ẹni tí ohunkóhun kò sì ṣe.

Madison ló dùn ún yà jù, òun ló sì le jù. Ẹni méjì méjì ni ẹgbẹ́ kan. Ẹni tó ti rẹ̀ á di ọwọ́ ìkejì rẹ̀ mú, á sì jù ú sínú eré. Wákàtí kan ṣoṣo kọ́ ni ẹ máa fi mọ ìgbà tí ọwọ́ méjèèjì máa kan ara wọn. Madison Square Garden ní New York ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọrí. Ibẹ̀ ni Major Taylor, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ eré kẹ̀kẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1896, nínú eré ọlọ́jọ́ mẹ́fà. Ọdún 1899 ló borí nínú ìdíje àgbáyé ní Montreal. Nínú àwọn fọ́tò rẹ̀ tí a mọ̀ jù, ńṣe ló jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn kò lówó tó fi lè ra eré rẹ̀.

Àwọn ọmọ òde òní rò pé kámẹ́rà tó ń ya fọ́tò mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti yanjú gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣírò. Mítà 22 pín sí mẹ́wàá jẹ́ mítà méjì lé díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kan kò gùn tó mítà méjì. Láàárín fọ́tò kan sí èkejì, odidi kẹ̀kẹ́ ti kọjá ojú ìlà, ẹ lè má rí ìgbà tí táyà kàn án rárá. Ẹ̀rọ tí àwọn rẹfirí fi ń mọ ẹni tó borí, oríṣi mìíràn ni: ojú ìlà ìparí nìkan ló ń wò, tín-ín-rín bí okùn, èyí tí wọ́n lò ní Paris sì ń yà á ní ìgbà 40,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ń to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má bá a díje. Ẹ̀yin ẹ wá ojú.

Ojú yẹn kì í sì í sí lórí ìlà. Ẹni tó borí ṣì tẹrí ba, ó ṣì ń ti pẹ́dàlì. Nítorí pé kò ní bíréèkì, yóò ṣì yí pápá po kó tó lè dúró. Kọ́nà tó tẹ̀ lé ìlà ni orí ti ń dìde, níbẹ̀ ni ọwọ́ ti ń lọ sókè. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ de ayọ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ má dá pápá kọjá láìgba àṣẹ. Ẹ má na lẹ́ńsì kọjá fẹ́ǹsì, kí ẹ sì ká okùn kámẹ́rà mọ́ ọrùn. Okùn tó bá ń fì lè kọ́ apá oníkẹ̀kẹ́.

Àwa tí à ń gbé Port Harcourt tún ní ìṣòro tiwa. Ọ̀rinrin etí omi ń bí funfun sínú lẹ́ńsì bíi ti búrẹ́dì tó bu, nítorí náà inú ike tó dé pinpin ni tèmi máa ń sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré funfun tó máa ń bá bàtà tuntun wá. Láti nǹkan bí ọdún 2016 tí eérú dúdú ti ń bọ́ lójú ọ̀run ìlú yìí, n kì í pààrọ̀ lẹ́ńsì níta. Èérún rẹ̀ kan ṣoṣo tó bá wọ inú kámẹ́rà á hàn lórí pákó funfun náà nínú gbogbo fọ́tò, bí eṣinṣin inú wàrà.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ló kù, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò kórìíra. Akoto bo orí, gíláàsì dúdú bo ojú, ẹni mẹ́fà wọ irú aṣọ kan náà. Bí ẹ bá délé, ẹ ò ní mọ ẹni tó jẹ́ ta. Nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn nìkan ló kù, ó sì lè má hàn láti ibi tí ẹ dúró sí. Kámẹ́rà kò sì mọ̀ pé yíyá ni wọ́n yá kẹ̀kẹ́ tó wà lábẹ́ Ukpeseraye ní Paris. Ẹni tó bèèrè ló kọ ọ́. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo máa ń yà níbi ìdíje ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tí orúkọ àti nọ́ńbà wọn wà nínú rẹ̀. 1/60, ISO 800. Ìwé kì í sáré.